Bí ẹ ṣe máa kọ H₀ àti H₁ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi sáńpù dán ìpíndọ́gba wò

Tí àsìkò projẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, fóònù mi kì í sinmi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, èwo ni kí n kọ sí H₀, èwo ni kí n kọ sí H₁?” Wọ́n ń bi mí láti Gwagwalada, wọ́n ń bi mí láti Zaria, àwọn tó ń fi NOUN (National Open University) kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ ọba ní Àbújá náà kò gbẹ́yìn. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó dátà jọ, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ tán, kí wọ́n tó rántí pé àwọn kò tíì kọ àbá kankan. Ẹni tó ti wo ìdáhùn kó tó kọ ìbéèrè, kí ló tún fẹ́ dán wò?

Àbá ni mo ń pe hypothesis nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ìpíndọ́gba ni mean, odindi agbo ni population, sáńpù sì ni ìwọ̀nba tí ẹ mú nínú agbo náà. H₀ ni èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní null, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀; H₁ ni alternative, ìyẹn ohun tí ẹ fura sí. Àwọn ìwé kan ń kọ H₁ ní Hₐ. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

## Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó mú bírò

- Ìbéèrè kan ṣoṣo, tí ẹ lè sọ fún ìyá yín lórí fóònù kó sì yé wọn.
- Iye kan tí ẹlòmíràn ti sọ tẹ́lẹ̀: ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá, ìlànà ilé-iṣẹ́, tàbí ìpíndọ́gba ọdún tó kọjá.
- Orúkọ odindi agbo tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.
- Ẹyọ ìwọ̀n kan, tí ẹ kò ní yí padà láàárín ọ̀nà.
- α, ìyẹn ewu tí ẹ gbà láti gbé. 0.05 ló wọ́pọ̀.

Ẹ rí i pé dátà kò sí nínú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

Àwọn àmì tí ẹ máa bá pàdé kò pọ̀. μ ni ìpíndọ́gba odindi agbo, èyí tí ẹ kò mọ̀. μ₀ ni iye tí wọ́n sọ pé μ jẹ́. x̄ ni ìpíndọ́gba sáńpù tó wà lọ́wọ́ yín. s ni standard deviation sáńpù náà (bí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe fọ́n ká tó), n sì ni iye ohun tó wà nínú rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ méje

### 1. Ẹ kọ ìbéèrè náà ní èdè tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa bá bọ̀. Ká ní àbúrò kan ní Kubwa ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ta pure water. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ọ̀rá omi kan báyìí ti ń fẹ́lẹ́, pé téèyàn bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta ó ti tán. 50 cl ni wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá náà. Àbúrò wa ń ka Statistics, ó ní òun ti rí projẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: “Ṣé omi inú ọ̀rá ilé-iṣẹ́ yìí kò tó 50 cl ní ìpíndọ́gba?”

Ẹ má fo “ní ìpíndọ́gba” yẹn. Ọ̀rá kan lè má kún, òmíràn lè kún jù. Ohun tí à ń wá ni ibi tí gbogbo wọn pátá fìdí kalẹ̀ sí.

### 2. Ẹ sọ ohun tí μ dúró fún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, ibẹ̀ náà ni olùbójútó projẹ́ẹ̀tì yín sì máa ń gbá yín mú. Ẹ kọ ọ́ ní odindi gbólóhùn: “μ ni ìpíndọ́gba omi, ní cl, nínú gbogbo ọ̀rá tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe jáde ní oṣù yìí.”

Gbólóhùn yìí ló máa sọ fún yín bí ẹ ṣe máa mú sáńpù. Ká ní àbúrò wa lọ ra báàgì kan ṣoṣo, tó tú ogún ọ̀rá inú rẹ̀ jáde, tó wọn gbogbo wọn. Ó rò pé òun ti ní n = 20. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, lórí ẹ̀rọ kan náà, ni wọ́n ti di gbogbo ogún ọ̀rá yẹn. Tí ẹ̀rọ náà bá ń ṣe ségesège láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ogún ni yóò jọ ṣe ségesège. Agbo tí sáńpù yẹn ń ṣojú fún kò ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ. Tó bá jẹ́ oṣù yìí ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kó mú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan láti inú báàgì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìsọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

### 3. Ẹ wá μ₀, kí ẹ sì sọ ibi tó ti wá

Ti àbúrò wa rọrùn: 50, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá. Tí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni tó sọ iye kan tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ dán wò. Confidence interval ni kí ẹ ṣe, kí ẹ fi sọ ibi tí μ lè wà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó tiẹ̀ wúlò ju kéèyàn máa hùmọ̀ μ₀ látinú afẹ́fẹ́ lọ.

### 4. Ẹ kọ́kọ́ kọ H₁

Bẹ́ẹ̀ ni, H₁ ṣáájú. Àwọn ìwé máa ń to H₀ sókè, ẹ̀yin náà sì máa tò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń rò ó, ohun tí ẹ fura sí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, torí òun ló ní ojú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìbéèrè yín:

- “Kò tó”, “dín”, “lọ sílẹ̀”: H₁: μ < μ₀
- “Ju”, “lé”, “pọ̀ sí i”, “sunwọ̀n sí i”: H₁: μ > μ₀
- “Yàtọ̀”, “yí padà”, “kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́”: H₁: μ ≠ μ₀

Ti omi wa: H₁: μ < 50.

Ẹ ṣọ́ra fún “ó kéré tán” àti “kò ju”. Tí ilé-iṣẹ́ bá ní “ó kéré tán, 50 cl ni”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé μ ≥ 50. Ìdọ́gba ti wọ inú rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn yẹn H₀ ló ń lọ. Ìyèméjì yín sí i ló di H₁, ìyẹn μ < 50. Mo ti rí ẹni tó gbọ́ “kéré” nínú “ó kéré tán” tó sì fi < sí ohun tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀: ojú ọ̀nà H₁ sinmi lórí ẹni tó ni ìbéèrè. Ẹ wo búrẹ́dì kan ní Nyanya, tí wọ́n kọ 600 g sí lára. Ẹni tó ń rà á ń bẹ̀rù kó má baà dín: μ < 600. Ẹni tó ni ilé búrẹ́dì náà ń ronú fúláwà tó wọ́n bí ojú, ẹ̀rù tirẹ̀ ni kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má máa gé e tóbi jù: μ > 600. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣe kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ti ṣìnà: μ ≠ 600. Búrẹ́dì kan náà ni, μ₀ kan náà ni, H₁ mẹ́ta. Nígbà tí ẹnì kan bá bi mí pé “ẹ̀gbọ́n, ṣé < ni àbí >”, ohun tí mo fi máa ń dá a lóhùn ni pé “ta ló ń bèèrè?”

Tí ẹ kò bá rí ìdí kankan láti dojú kọ ọ̀nà kan, ẹ lo ≠. Òun ni kò gbè sẹ́yìn apá kankan, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

### 5. Ẹ wá kọ H₀

Àmì ìdọ́gba kì í kúrò ní H₀. Èyí ni òfin tí mi ò mọ ìgbà tí ó yẹ̀.

H₀: μ = 50
H₁: μ < 50

Àwọn olùkọ́ kan máa ń fẹ́ H₀: μ ≥ 50, kí àbá méjèèjì lè kó gbogbo nọ́ńbà tán. Méjèèjì dára, ìṣirò kan náà ni wọ́n máa gbé yín dé, torí orí 50 gan-an lẹ ti máa ṣírò t (nọ́ńbà tó ń sọ bí x̄ ṣe jìnnà sí μ₀ tó). Ẹ wo èyí tó wà nínú nóòtì olùkọ́ yín, kí ẹ tẹ̀ lé e. Kò tó ohun tí èèyàn ń bá olùkọ́ jà sí.

### 6. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀

H₀: omi inú ọ̀rá jẹ́ 50 cl ní ìpíndọ́gba, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.
H₁: omi inú ọ̀rá kò tó 50 cl ní ìpíndọ́gba.

Tí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ tí kò bá ìbéèrè tó wà ní ìgbésẹ̀ 1 mu, ẹ padà sẹ́yìn. Ó sàn kí ẹ tètè rí i nísinsìnyí ju kẹ́ ẹ rí i lọ́jọ́ defence.

### 7. Ẹ mú α, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ tó lọ wọn ohunkóhun

α = 0.05 túmọ̀ sí pé, ká ní òótọ́ ni H₀, ẹ gbà pé nínú ọgọ́rùn-ún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi márùn-ún lè mú yín kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lórí asán. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́nìkan níta gbangba, 0.01 ni èmi ì bá lò.

Ẹ kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olùbójútó yín lórí WhatsApp. Ó máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ̀yìn dátà lẹ ti lọ hùmọ̀ rẹ̀.

## Ìdí tí ìrù fi ń yí ìdájọ́ padà

H₁ tó ní < tàbí > ni à ń pè ní onírù kan (one-tailed). Èyí tó ní ≠ ni onírù méjì (two-tailed). Ẹ jẹ́ ká ní àbúrò wa wọn ọ̀rá 16, ó rí x̄ = 49.2 cl, s = 1.6 cl.

t = (49.2 − 50) ÷ (1.6 ÷ √16) = −0.8 ÷ 0.4 = −2.00, degree of freedom n − 1 = 15.

Nísinsìnyí, ẹ wo tábìlì t ní α = 0.05:

- H₁: μ < 50. Ààlà (critical value) jẹ́ −1.753. −2.00 ti kọjá rẹ̀. Ẹ kọ H₀ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ kò fara mọ́ ọn mọ́ (reject).
- H₁: μ ≠ 50. Ààlà jẹ́ −2.131 àti +2.131. −2.00 kò dé ibẹ̀. Ẹ kò lè kọ H₀ sílẹ̀.
- H₁: μ > 50. Ààlà jẹ́ +1.753. −2.00 wà ní apá kejì odò. Ẹ kò lè kọ H₀ sílẹ̀.

Omi kan náà, ọ̀rá kan náà, ìdájọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibí yìí ni ìdánwò ọkàn wà. Ẹni tó kọ ≠ sílẹ̀, tó wá rí −2.00, ojú rẹ̀ máa wọlé sí <, torí < ló máa fún un ní “significant”, ìyẹn pé ẹ̀rí tó láti kọ H₀ sílẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè kàn yí àmì yẹn ni?” Mo ní rárá. Tó bá lè yí i síbi tí dátà bá fì sí, ewu tó ń gbé kì í ṣe 0.05 mọ́, ó ti di ìlọ́po méjì rẹ̀, 0.10, láìjẹ́ pé ó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ká tún ní àbúrò wa ti mú α = 0.01 láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú μ < 50: ààlà á di −2.602, kò sì ní lè kọ H₀ sílẹ̀.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

Fífi x̄ sínú àbá. Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí mò ń ṣe projẹ́ẹ̀tì tèmi, mo kọ H₀: x̄ = 12 sí orí kẹta, mo sì tún fi igun mẹ́rin yí i ká kó lè hàn dáadáa. Bó ṣe hàn náà ni wọ́n ṣe fi bírò pupa fa ìlà sí i lórí látòkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n kọ “You already know this!” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú bí mi fún ọjọ́ méjì kó tó yé mi. Sáńpù ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti wọ̀n ọ́n, mo mọ ìpíndọ́gba rẹ̀ dé nọ́ńbà kejì lẹ́yìn pọ́íǹtì. Kí ni mo tún ń dá àbá lé lórí? μ tí mi ò mọ̀ ni àbá wà fún.

Mímú nọ́ńbà sáńpù ṣe μ₀. H₀: μ = 49.2. Ẹ ṣírò t rẹ̀ wò: òdo ló máa bọ́ sí. Sáńpù ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀.

Fífi ìdọ́gba sí H₁. H₁: μ ≤ 50 kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni H₁: μ = 48.

Àbá méjì tí kò bára wọn gbé. H₀: μ = 50, H₁: μ < 48. Ta ló ni 49? Nọ́ńbà kan náà ló gbọ́dọ̀ wà nínú méjèèjì.

Pípa ìwọ̀n pọ̀. H₀: μ = 50, àmọ́ mìlílítà ni ife ìwọ̀n yín ń kà, dátà yín sì jẹ́ 492, 505, 488. 50 cl jẹ́ 500 ml. Ẹ yan ọ̀kan.

Kíkọ “a gba H₀”. Èyí ló le jù láti gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ ronú nípa ilé ẹjọ́. Abala 36(5) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí a ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìṣẹ̀ títí wọ́n á fi fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. H₀ ni olùjẹ́jọ́ yẹn. Tí ẹ̀rí olùpẹ̀jọ́ kò bá tó, adájọ́ á ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó búra pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rí ni kò tó. Torí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀rí tí a rí kò tó láti kọ H₀ sílẹ̀.” Pẹ̀lú ọ̀rá 16, omi náà lè dín lóòótọ́ kí ẹ má rí i.

Kíka p-value sí “bó ṣe ṣeé ṣe tó pé H₀ jẹ́ òótọ́”. Ohun tó ń sọ ni pé, ká ní H₀ jẹ́ òótọ́, báwo ni irú dátà yìí, tàbí èyí tó jìnnà sí H₀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe lè wọ́pọ̀ tó.

## Tó bá jẹ́ SPSS tàbí Excel lẹ ń lò

1. Nínú One-Sample T Test ti SPSS, àpótí kan wà tí wọ́n kọ Test Value sí. Òdo ló máa ń wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé láti tẹ 50 síbẹ̀, μ = 0 ni ẹ̀rọ máa dán wò, t yín á sì jẹ́ 123. Mo ti rí ẹni tó fi t 123 yọ̀.
2. Níbi tí ó bá ti kọ Sig. (2-tailed), ti onírù méjì nìyẹn. Ti omi wa máa jẹ́ nǹkan bíi 0.064. Tí H₁ yín bá jẹ́ onírù kan, tí x̄ sì wà ní apá tí H₁ kọjú sí, ẹ pín in sí méjì: 0.032. Tó bá wà ní òdìkejì, ẹ yọ ìdajì yẹn kúrò nínú 1: 0.968.
3. Nínú Excel, =T.DIST(-2,15,TRUE) máa fún yín ní 0.032 yẹn tààrà fún H₁ tó ní <.

## Tí iṣẹ́ yín bá yàtọ̀ díẹ̀

Tí ẹ bá mọ σ, ìyẹn standard deviation odindi agbo, z lẹ máa lò dípò t. Àbá kò yí padà rárá, ààlà ló yí: 1.645 fún onírù kan, 1.96 fún onírù méjì ní 0.05. Tó bá jẹ́ àwọn èèyàn kan náà lẹ wọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn, ìyàtọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni dátà yín, H₀ sì di μ_d = 0. Ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: μ₁ = μ₂. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, a ti kúrò lọ́rọ̀ ìpíndọ́gba, p ló kàn, ìyẹn proportion (kì í ṣe p-value). Tí sáńpù bá kéré tí nọ́ńbà kan tàbí méjì sì fò jìnnà sáwọn yòókù, ẹ béèrè nípa ìdánwò Wilcoxon lọ́wọ́ olùkọ́ yín.

## Ẹ dán àwọn wọ̀nyí wò

Ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀ ná.

1. Awakọ̀ ní ìṣẹ́jú 45 ni Nyanya sí Berger láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yẹn yí rò pé ó jù bẹ́ẹ̀.
2. Ìyá kan tó ń ta gàrí ní Dei-Dei pààrọ̀ mudu tó fi ń wọ̀n ọ́n. Ká ní ti àtijọ́ ń gba 1.4 kg. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá tuntun yìí yàtọ̀.
3. Ilé-ìwé kan ní Zaria ní máàkì àwọn ọmọ òun, ó kéré tán, jẹ́ 55 ní ìpíndọ́gba. Ẹ kò gbà.
4. Ọmọ 30 ló wà ní kíláàsì yín ní Gwagwalada. Ẹ ní máàkì gbogbo wọn, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ìpíndọ́gba kíláàsì náà ju 50 lọ.

Ìdáhùn: (1) H₀: μ = 45, H₁: μ > 45. (2) H₀: μ = 1.4, H₁: μ ≠ 1.4. (3) H₀: μ ≥ 55, H₁: μ < 55. (4) Kò sí àbá kankan láti kọ. Odindi agbo ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ro máàkì pọ̀, ẹ pín in sí 30, kí ẹ wo bóyá ó ju 50.